Ọrùn tó ń tẹ̀ sórí fóònù: ṣé lóòótọ́ ni orí ń di kìlò 27, kí ni ká sì ṣe sí i?

Arìnnàkò

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Mò ń kó ìlànà kan jọ fún àwọn tó ń fi fóònù ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́: àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn, àwọn tó ń kàwé lórí rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń rò. Ẹ̀yìn ọrùn le, àárín èjìká méjèèjì ń jó bí ẹni pé iná wà níbẹ̀, orí sì ń fọ́ láti ìpàkọ́ bọ̀ wá sí ẹ̀yìn ojú.

Mo fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n dá mi lóhùn lórí nǹkan mẹ́rin.

Àwòrán kan ń lọ káàkiri tó ní bí èèyàn bá tẹrí ba sórí fóònù, orí á di kìlò 27. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Níbo ni iye yẹn ti wá?

Wọ́n ní ká gbé fóònù sókè dé ojú. Kò sí ẹni tó lè gbé e síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 tí apá ò ní máa ro ó. Báwo la ṣe ń ṣe é gan-an?

Eré ìdárayá wo ló ń ṣiṣẹ́? Ìgbà mélòó, fún ọ̀sẹ̀ mélòó?

Àmì wo ló ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ìrora iṣan lásán?

Ẹ jọ̀ọ́, kí ìdáhùn má kàn jẹ́ "ẹ máa jókòó dáadáa". Ẹni tí ọrùn ń dùn ti gbọ́ ìyẹn títí ó ti sú u.

---

Eegun7

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n mú ti kìlò 27, torí òun ló ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn jù.

Ọdún 2014 ni Kenneth Hansraj, oníṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn kan ní New York, gbé iye yẹn jáde. Kò gbé òṣùwọ̀n lé ọrùn ẹnikẹ́ni. Inú kọ̀ǹpútà ló ti ṣe àwòkọ́ṣe ọrùn, ó wá ṣírò agbára tí yóò bọ́ sórí eegun bí orí bá ṣe ń tẹ̀ tó. Tí orí bá dúró gangan, bíi kìlò 5 ni. Tó bá tẹ̀ ní dígírì 15, ó di bíi 12. Ní dígírì 30, bíi 18. Ní 45, bíi 22. Ní 60, bíi 27.

Orí fúnra rẹ̀ kò wúwo sí i. Kìlò 4.5 sí 5.5 tí orí àgbàlagbà máa ń jẹ́ náà ló ṣì jẹ́. Iṣẹ́ tí iṣan ẹ̀yìn ọrùn ń ṣe kí orí má bàa já wálẹ̀ ló pọ̀ sí i. Ẹ gbé ike omi kan mọ́ àyà, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹ wá na apá tán, kẹ́ ẹ gbé ike kan náà jìnnà sí ara: ẹ̀kán omi kan ò wọ inú rẹ̀ kún un, síbẹ̀ èjìká á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Bí orí ṣe rí nìyẹn. Bó bá ṣe ń yọ síwájú kúrò lórí èjìká tó, bẹ́ẹ̀ ni iṣan ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ fà á padà tó, fífà yẹn náà ló sì ń fún àwọn eegun ọrùn mọ́ra.

Eegun 7 ló wà lọ́rùn. Tìmùtìmù rírọ̀ wà láàárín wọn, àyàfi láàárín méjì tó wà lókè pátápátá, torí ti àwọn yẹn ni yíyí orí. Ní ti iṣan, ẹ fi ìka ọwọ́ ọ̀tún tẹ igun òkè eegun ẹ̀yìn èjìká òsì, níbi tó ti sún mọ́ ọrùn. Ohun líle bí òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ awọ yẹn, tó ń dùn tó sì ń dùn mọ́ni bí a bá tẹ̀ ẹ́, ìdí iṣan kan ni. Ara eegun ọrùn mẹ́rin àkọ́kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, ibi tẹ́ ẹ tẹ̀ yẹn ló sì parí sí. Òun ló ń kọ́kọ́ fi ẹjọ́ fóònù sùn nínú ọ̀pọ̀ èèyàn.

Àwọn iṣan kéékèèké tún wà lábẹ́ ìpàkọ́. Bí ẹ̀yìn bá tẹ̀ kọrọdọ síwájú, tí ojú ṣì fẹ́ wo iwájú, àwọn ni wọ́n ń sún kì láti gbé ojú sókè. Ibi kan náà nínú ọpọlọ ni okùn ìmọ̀lára tó ń bọ̀ láti òkè ọrùn àti èyí tó ń bọ̀ láti iwájú orí ti ń pàdé, ọpọlọ ò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ọrùn fi ń le tí èèyàn fi ń di ẹ̀yìn ojú mú pé ibẹ̀ ló ń dun òun.

Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí àwọn tó ń pín àwòrán yẹn rèé: ìṣirò agbára kì í ṣe ìṣirò ìrora. Ní 2018, àwọn olùwádìí kan ní Bràsíìlì tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọ̀dọ́ 150, ọmọ ọdún 18 sí 21. Wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń tẹrí sórí fóònù, wọ́n sì bi wọ́n léèrè nípa ìrora ọrùn. Wọn ò rí i pé àwọn tó ń tẹrí jù lọ ni ọrùn ń dùn jù. Ẹ rántí pé ọ̀dọ́ ni wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sì wò wọ́n, kò sọ bó ṣe máa rí lẹ́yìn ogún ọdún. Ṣùgbọ́n ó tó láti má fi eegun tó ń wó dẹ́rù ba ọmọ ogún ọdún.

Kí ló wá ń fa ìrora náà? Àìkúrò lójú kan ni. Bí orí bá tẹ̀ ní ìlàjì, iṣan ẹ̀yìn ọrùn á máa ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìsinmi, iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ tí kò dáwọ́ dúró yìí ò sì jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọ inú rẹ̀ geere. Ó ń rẹ iṣan ju gbígbé ẹrù wúwo ní ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí orí bá tẹ̀ tán pátápátá, tí àgbọ̀n fẹ́ kan àyà, iṣan yẹn á kúkú dákẹ́, gbogbo ẹrù á wá bọ́ sọ́rùn àwọn ọ̀já tó so eegun pọ̀ mọ́ra. Bí wọ́n bá fa ọ̀já títí, yóò nà bí rọ́bà àtijọ́, kì í sì í padà sí ààyè rẹ̀ kíá. Ìdí nìyẹn tí gbígbé orí sókè lẹ́yìn ìdajì wákàtí fi máa ń dà bí ẹni pé ọrùn ti gan.

Nítorí náà, tí mo bá ní kí n mú ẹyọ kan, mi ò ní mú dígírì. Màá mú aago. Ẹni tó tẹrí ní dígírì 45 fún ìṣẹ́jú 10 tó dìde sàn ju ẹni tó jókòó gangan fún wákàtí mẹ́ta lọ.

---

Àbẹ̀ní_F

Mo fara mọ́ ti aago, Eegun7, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká fi dígírì ṣeré. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ ti ń dùn tẹ́lẹ̀ kò rí ìṣẹ́jú 10 lò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Fún un, gbígbé fóònù sókè díẹ̀ ni ìtura ọjọ́ òní, kó tó di pé eré ìdárayá ràn án lọ́wọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Arìnnàkò, ìbéèrè yín kejì ni mo bá wá.

Kò pọn dandan kí fóònù dé ojú. Ẹyinjú fúnra rẹ̀ lè wo ìsàlẹ̀ ní dígírì 20 sí 30 láìsí wàhálà, kí ọrùn má sì mira. Kí fóònù dé ọ̀gangan àgbọ̀n tàbí òkè àyà ti tó, kí ẹyinjú ṣe ìyókù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ pé "kò ṣe é ṣe" ló jẹ́ pé wọ́n gbé e ga ju bó ṣe yẹ lọ ni.

Ohun kejì ni pé apá ò gbọ́dọ̀ rọ̀ sínú afẹ́fẹ́. Ìgbọ̀nwọ́ gbọ́dọ̀ rí ibi fara tì. Bí a ṣe ń tò ó nìyí:

Ẹ sún ìdí dé ìsàlẹ̀ ibi ìfẹ̀yìntì àga, kí ẹ̀yìn fara tì í. Ẹ gbé ìrọ̀rí tàbí báàgì tó nípọn tó sẹ̀ńtímítà 15 sí 20 lé itan. Ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lé e lórí, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú. Kí fóònù jìnnà sí ojú ní nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 40, tàbí kó lé díẹ̀. Ẹ yí ojú fóònù sókè díẹ̀ kó kọjú sí yín tààrà. Bí èjìká bá ń gùn lọ sókè etí, ìrọ̀rí yẹn ti ga jù. Bí ẹ bá ń tẹ̀ síwájú wá bá a, ó ti kéré jù.

Bí kò bá sí ìrọ̀rí, ẹ ká apá òsì mọ́ àyà, kẹ́ ẹ ki àtẹ́lẹwọ́ òsì sábẹ́ abíyá ọ̀tún. Ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún á wá jókòó lórí apá òsì. Ẹ̀ ń fi ọwọ́ ọ̀tún kàwé nìyẹn, òsì sì ń gbé e ró. Ẹ máa pààrọ̀ ọwọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ wà lórí ìdúró, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, kí ìgbọ̀nwọ́ lẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ ìhà.

Ohun tí wọ́n kì í ka sí, tó sì ń ba gbogbo ètò jẹ́, ni lẹ́tà wínníwínní. Bí lẹ́tà bá kéré, orí ni yóò lọ bá fóònù, ibi yòówù kẹ́ ẹ gbé fóònù sí. Ẹ lọ sínú ètò fóònù, kẹ́ ẹ mú lẹ́tà tóbi sí i ní ìpele kan tàbí méjì, títí ẹ ó fi lè kà á ní sẹ̀ńtímítà 40 láìfún ojú pọ̀. Kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé má kọ mànà lójú rẹ̀, torí bí ojú ò bá ríran dáadáa, ọrùn ló ń jẹ gbèsè rẹ̀.

Àwọn tó ń lo gíláàsì tó pín sí méjì, tí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà fún ìwé kíkà, ẹ ṣọ́ra fún ìmọ̀ràn "gbé e sókè". Bí fóònù bá ga, wọ́n á gbé àgbọ̀n sókè kí wọ́n lè fi apá ìsàlẹ̀ gíláàsì wò ó, ọrùn á sì ká sẹ́yìn. Fún wọn, kí fóònù wà ní ọ̀gangan àyà, tàbí kí wọ́n ní gíláàsì ìwé kíkà lọ́tọ̀.

Orí ibùsùn ló burú jù. Ìrọ̀rí méjì lábẹ́ orí nìkan, èjìká sì wà lórí fóòmù: ẹ wò ó dáadáa, àgbọ̀n ti kan àyà tán. Títẹ̀ náà kúkú ni, ẹ kàn dùbúlẹ̀ tẹ̀ ni. Bí ẹ bá fẹ́ ka nǹkan lórí ibùsùn, kí ìrọ̀rí bẹ̀rẹ̀ láti àárín ẹ̀yìn, kó dà gẹ̀rẹ́ lọ sókè bí òkè kékeré, kí ìrọ̀rí kọ̀ọ̀kan sì wà lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ lẹ fẹ́ fi lélẹ̀, kí ìrọ̀rí kún àlàfo láàárín etí àti èjìká rẹ́gí, kẹ́ ẹ fi fóònù ti nǹkan níwájú. Dídojú bolẹ̀ lórí ìgbọ̀nwọ́ kò yẹ kó kọjá ìṣẹ́jú 5, torí ó ń ká ọrùn sẹ́yìn tán.

Ìpè: ẹ má fi èjìká ha fóònù mọ́ etí láé. Íápíìsì ni kẹ́ ẹ lò. Bí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀ bá ti kọjá ìlà mẹ́ta, ẹ gbohùn rẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí fóònù máa kọ ohun tẹ́ ẹ bá sọ. Fún àwọn tó ń tẹ ọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ bí àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn wọ̀nyẹn, kíbọ́ọ̀dù kékeré tí kò ní wáyà àti ìdúró fóònù lórí tábìlì ni mo máa ní kí wọ́n kọ́kọ́ rà, kí wọ́n tó ronú kan ìrọ̀rí olówó ńlá kankan.

---

Arìnnàkò

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ti gíláàsì yẹn ò wá sí mi lọ́kàn rárá, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó kọjá lọ: bánǹtẹ́ ẹ̀yìn tí wọ́n ń tà, èyí tó ń fa èjìká sẹ́yìn, àti kọ́là tí wọ́n ń wọ̀ sọ́rùn ńkọ́? Ṣé ẹni tó bá ń jókòó gangan bíi sójà láti àárọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn?

---

Tẹ̀gbọ́ntàbúrò

Ẹni tó jókòó bíi sójà láti àárọ̀ kàn pààrọ̀ irú ìyà ni. Iṣan ò fẹ́ ìdúró kan, ó dára o, kò dára o. Ẹ ṣètò aago ìṣẹ́jú 20 sí 30. Bó bá ti dún, ẹ gbé orí sókè, ẹ yí èjìká sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ wo ọ̀nà jíjìn, ẹ dìde bó bá ṣe é ṣe. Kò gbà ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú lọ.

Bánǹtẹ́ yẹn ń rán ara létí, ìyẹn náà kò ju wákàtí mélòó kan lọ, lẹ́yìn náà ara á mọ́ ọn, á wá fara tì í. Kò kọ́ iṣan kankan ní iṣẹ́. Ti kọ́là le ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí dókítà ò bá sọ pé kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́, ẹ má wọ̀ ọ́. Iṣan tí a gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún nǹkan mìíràn ń rù, ọrùn á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá bọ́ ọ.

Ó yá, eré ìdárayá. Mi ò ní to oríṣi eré ogún sílẹ̀ fún yín, torí ẹni tí wọ́n fún ní ogún kì í ṣe ẹyọ kan.

Fífa àgbọ̀n sẹ́yìn. Ẹ jókòó, ẹ wo ọ̀kánkán. Ẹ fi ìka kan kan àgbọ̀n. Ẹ wá fa gbogbo orí sẹ́yìn ní ìlà tààrà kí àgbọ̀n kúrò lára ìka, bí ẹni tí wọ́n na ohun tó ń rùn sí nímú. Àgbọ̀n ò gbọdọ̀ lọ sókè, kò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀. Ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ẹ tú u. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ìgbà mẹ́ta lójúmọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn máa wo àjà, tàbí kó di eyín pọ̀ kó sì séèémí. Ẹ máa mí. Fífà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ lára wà lábẹ́ ìpàkọ́, kì í ṣe níwájú ọ̀nà ọ̀fun.

Mímì "bẹ́ẹ̀ ni" lórí ìdùbúlẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, òun ni wọ́n sì ń ṣe láìdáa jù. Iṣan tó lẹ̀ mọ́ iwájú eegun ọrùn gan-an ló wà fún, àwọn yẹn ni wọ́n ń kọ́kọ́ ń rọ nínú ẹni tí ọrùn ń dùn. Ẹ dùbúlẹ̀ kẹ́ ẹ wo òkè, kí orúnkún ká. Ẹ ká aṣọ ìnura sábẹ́ ìpàkọ́, kó nípọn tó sẹ̀ńtímítà 2 sí 3. Ẹ mi orí bí ẹni ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mímì kékeré tí ẹni tó jókòó tì yín fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí. Orí ò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀. Ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kẹ́ ẹ tú u. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é, ẹ fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ ọrùn. Bí iṣan gbọọrọ tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn etí wá sí àárín igẹ̀ bá ta sókè bí okùn, ẹ ti fi agbára jù, ẹ dín in kù. Bí àgbọ̀n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ̀kan ọjọ́ náà ti tó, kódà bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kẹrin ni.

Gbígbé apá pẹ̀lú rọ́bà, ìyẹn rọ́bà gbọọrọ tó ń nà tí wọ́n fi ń ṣe eré ìdárayá. Ní Dẹ́ńmáàkì, àwọn olùwádìí kan mú òṣìṣẹ́ 198 tí ọrùn àti èjìká ń dùn léraléra, wọ́n fún àwọn kan ní eré rọ́bà ìṣẹ́jú 2 lójúmọ́, àwọn kan ìṣẹ́jú 12, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 10. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2011. Ìrora dín kù nínú méjèèjì ju ti àwọn tí kò ṣe eré kankan lọ, ìṣẹ́jú 2 ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ sí 12. Ìṣẹ́jú 2 péré! Bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ àárín rọ́bà náà, ẹ di ìkángun rẹ̀ méjèèjì mú, ẹ gbé apá sí ẹ̀gbẹ́ títí dé ọ̀gangan èjìká, kí apá yọ síwájú díẹ̀, kí ìgbọ̀nwọ́ má gan. Ẹ rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí èjìká gùn lọ bá etí. Rọ́bà tó yẹ ni èyí tó máa rẹ̀ yín lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bẹ́ ẹ bá lè ṣe ọgbọ̀n, ó ti rọ̀ jù.

Fífa rọ́bà wá sí àyà. Ẹ so ó mọ́ ohun tí kò ní yẹ̀ ní ọ̀gangan ìdodo. Ẹ fà á títí ìgbọ̀nwọ́ á fi kọjá ìhà, kí eegun ẹ̀yìn èjìká méjèèjì sún mọ́ra. Ìpele 3, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá sí méjìlá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ kan wà láàárín fún ìsinmi.

Fún òkúta wẹ́wẹ́ tí Eegun7 ní ká fọwọ́ kàn yẹn: ẹ yí ojú sí ọ̀tún ní ìlàjì, ẹ wá tẹ orí bí ẹni fẹ́ gbóòórùn abíyá ọ̀tún. Ẹ̀yìn ọrùn òsì ni yóò fà. Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún lé orí kó kàn wúwo lé e, ẹ má fà á. Ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lápá kọ̀ọ̀kan. Fífà yìí ń tuni lára, àmọ́ kò ń mú iṣan lágbára. Ẹni tó bá ń ṣe òun nìkan yóò máa ṣe é títí ọjọ́ ayé.

Kí ara ro yín díẹ̀ ní ọjọ́ kejì kò burú. Bó bá kọjá wákàtí 48, ẹ dín iye kù sí ìlàjì. Bí eré kan bá ń rán ìrora tàbí pajápajá lọ sí apá, ẹ fi í sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kẹ́ ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́.

---

Eegun7

Ó dára bẹ́ẹ̀. Àbẹ̀ní_F, mo gba ti ẹni tí ọrùn rẹ̀ ti ń dùn tẹ́lẹ̀, òótọ́ lẹ sọ.

Ìbéèrè kẹrin ló kù, òun ni mi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni sáré kà kọjá.

Ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró de eré ìdárayá, bí ọwọ́ bá ń di aláìmọ̀-ọ́n-ṣe: tí bọ́tìnì ẹ̀wù ò ṣe é dè mọ́, tí kọ́kọ́rọ́ ń bọ́ lọ́wọ́, tí ìwé kíkọ ti yí padà. Bákan náà ni bí ẹsẹ̀ bá ń le tàbí tí ìrìn ń ta gọ́igọ̀i, bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ò bá gbọ́ràn mọ́. Ìyẹn lè jẹ́ pé nǹkan ń tẹ mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn, bí wọ́n bá sì jẹ́ kó pẹ́, ohun tó bá bàjẹ́ níbẹ̀ lè má padà.

Ìrora ọrùn òjijì tó le, irú èyí tí ara ò mọ̀ rí, pàápàá tó bá dé pẹ̀lú òòyì, rírí nǹkan méjì-méjì, ojú tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ lẹ́nu, pàjáwìrì ni. Ó lè jẹ́ òpó ẹ̀jẹ̀ ọrùn ló ya. Ibà pẹ̀lú ọrùn tó gan tí kò ṣe é tẹ̀ síwájú, pàjáwìrì ni pẹ̀lú. Ẹni tó ṣubú tàbí tó ní ìjàǹbá ọkọ̀, ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ rí, ẹni tó ń rù láìnídìí, ẹni tí ìrora ń jí lóru tí ìyípadà ara kankan ò dín in kù: kí dókítà kọ́kọ́ wò wọ́n.

Nítorí òpó ẹ̀jẹ̀ yìí kan náà, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dá ọrùn yín ní òjijì kó lè dún. Ẹ má ṣe é fúnra yín pẹ̀lú.

Ní ti àwòrán: bí X-ray bá ní "ọrùn ti nà, kò tẹ̀ kọrọdọ mọ́", ẹ má ba ọkàn jẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ọrùn ò dùn rí ni tiwọn rí bẹ́ẹ̀. Ní Japan, wọ́n fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wo ọrùn ènìyàn 1211 tí kò ní àmì àìsàn kankan níbẹ̀, ó sì jáde ní 2015: bíi 88 nínú 100 ni tìmùtìmù ọrùn wọn ti wú jáde. Àwòrán tí kò bá ohun tí ara ń sọ mu kì í ṣe ìdí fún iṣẹ́ abẹ.

Bí kò bá sí ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyẹn, èyí tó pọ̀ nínú ìrora ọrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ fi aṣọ ìnura tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kẹ́ ẹ máa yí ọrùn jẹ́jẹ́. Ìdùbúlẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ kò ràn án lọ́wọ́.

---

Arìnnàkò

Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù: ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ pé ìka ń kú. Ṣé ọrùn náà ni?

---

Àbẹ̀ní_F

Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé ìka wo. Bí ó bá jẹ́ àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e, tàbí ìka àárín, tó sì ń pọ̀ sí i bí wọ́n bá gbé orí sẹ́yìn tí wọ́n tún dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọrùn. Bó bá ń jí wọn lóru tí wọ́n fi ń gbọn ọwọ́ kó tó rọlẹ̀, ẹ wo ọrùn ọwọ́ lákọ̀ọ́kọ́.

Bí ó bá jẹ́ ìka tó kéré jù àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ ni kẹ́ ẹ fura sí. Okùn ìmọ̀lára tó ń sìn àwọn ìka yẹn gba ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́ kọjá, níbi tí í máa ta wá jìnnìjìnnì bí a bá fi gbá nǹkan. Bí apá bá ká jù fún wákàtí kan lẹ́bàá etí tàbí níwájú ojú, okùn yẹn ń fà, ó sì ń fún. Kí wọ́n jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ ṣí sílẹ̀ díẹ̀ ju igun ògiri lọ, kí ibi tí wọ́n bá gbé e lé rọ̀, kí wọ́n má fi ṣóńṣó rẹ̀ ti etí tábìlì, kí wọ́n sì fi íápíìsì gba ìpè. Lóru, kí wọ́n fi aṣọ ìnura wé ìgbọ̀nwọ́ gbẹrẹfu, kó má bàa ká tán lójú oorun. Bí kò bá dín kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tàbí tí ẹran tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka kejì lẹ́yìn ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jìn wọlé, kí wọ́n má fi falẹ̀ mọ́, dókítà ló kàn.